Eruku Òṣùpá àti Ẹ̀dọ̀fóró Àbúrò Mi

Ojú ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, kì í ṣe èèyàn. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ní abúlé wa lápá Ahoyéyé, nígbà tí ìyá mi rán mi lọ ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin kan tó máa ń gba ẹnubodè wọlé láti Nàìjíríà. Bébà tó fi wé àkàrà náà jẹ́ ojú ìwé kan tí wọ́n ya nínú ìwé ìròyìn èdè Faransé. Òróró ti gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n àwòrán orí rẹ̀ ṣì hàn ketekete: ojú ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ tó rí bí eérú. Mo mú un lọ bá olùkọ́ wa. Ó wò ó, ó ní èèyàn ló tẹ ibẹ̀, nínú òṣùpá, kí wọ́n tó bí mi. Ó ní ojú ẹsẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, nítorí kò sí òjò níbẹ̀, kò sì sí atẹ́gùn tó máa pa á rẹ́.

Ilẹ̀ tiwa dúdú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀, ojú ẹsẹ̀ èèyàn kì í sì í pẹ́ ọjọ́ méjì lórí rẹ̀. Pé ibì kan wà tí ojú ẹsẹ̀ ẹni tó ti lọ kì í parẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára débi pé mi ò jẹ àkàrà náà. Àbúrò mi ló jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Ó bi mí bóyá ẹni tó ni ẹsẹ̀ yẹn ti padà délé.

"Ó ti délé," ni mo wí.

"Kí ló mú bọ̀ fún wọn?"

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òkúta àti eruku ni wọ́n mú bọ̀.

Orí mi gba ìwé. Mo ka kọlẹ́ẹ̀jì ní Pobè, mo lọ sí yunifásítì ní Calavi, lẹ́yìn náà mo rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ nípa ojú ọ̀run lókè òkun. Àbúrò mi kò fẹ́ràn ìwé. Ohun tó ṣeé dì mú ló fẹ́ràn. Ó tẹ̀ lé bíríkìlà kan fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ iṣẹ́ òkúta gígé ní Sakété, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé òkúta líle tí ọkọ̀ ń kó wá láti ọ̀nà Dassa. Wọ́n á gé e pẹlẹbẹ fún ojú ibojì, fún àtẹ̀gùn ilé àwọn tó rí jájẹ. Òun ló tọ́jú ìyá wa ní gbogbo ọdún mẹ́jọ tí mo fi wà lókè òkun. Mi ò gbàgbé ìyẹn rí. Ohun tí mo gbàgbé ni pé òun náà ní ara tó lè ṣàìsàn.

Iṣẹ́ eruku ni mo lọ ṣe lókè òkun. Ẹ̀rín máa ń pa àwọn ará ilé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà mí sábẹ́, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán, tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́ nínú yìnyín, sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé gbogbo ayé ló ń ronú nípa ọkọ̀ tó máa gbé èèyàn lọ, kí èmi máa ronú nípa ohun tí wọ́n máa fà símú bí wọ́n bá débẹ̀.

Eruku òṣùpá kò dà bí eruku tiwa. Níbí, omi àti atẹ́gùn ti yí i síwá sẹ́yìn títí kò fi mú mọ́. Nínú òṣùpá, kò sí ohun tó ń yí i. Hóró kọ̀ọ̀kan rẹ̀ mú bí àfọ́kù ìgò. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń bá èèyàn wọ inú ọkọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ sọ pé bí àwọn ti ṣí ohun tí àwọn dé sórí, àwọn gbọ́ òórùn rẹ̀ bí ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sín bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ọjọ́ mélòó kan péré sì ni wọ́n lò níbẹ̀. Àwọn tó máa gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n á máa jáde tí wọ́n á máa wọlé, báwo ni ẹ̀dọ̀fóró wọn yóò ti rí? Àwọn tó máa ti ibẹ̀ lọ sí Máàsì, tí wọn ò ní lè sáré padà wálé bí àìsàn bá dé ńkọ́?

Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò kì í mọ ibi tí mo máa dúró. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ojú mi a máa tàn bíi ti ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ tuntun. Mo gbà gbọ́ pé èèyàn máa gbé òṣùpá, pé yìnyín wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú àwọn kòtò tí oòrùn kò dé rí, pé wọ́n á yọ́ ọ mu. Mo gbà gbọ́ pé ẹsẹ̀ èèyàn á tẹ Máàsì kí n tó kú. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀, bó tiẹ̀ ṣe ìwọ̀n ṣíbí kan.

Ìwé ìgbélùú mi parí kí n tó rí iṣẹ́ tó dúró. Mo kọ̀wé síhìn-ín, mo kọ̀wé sọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Mo padà wálé. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ olùkọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Pobè, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì àti kẹ́mísírì. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn nípa òṣùpá. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á na ọwọ́ sókè, á pè mí bí wọ́n ti ń pe olùkọ́ ọkùnrin níbí: "Mùsíè, ṣé ó máa bọ́ sínú ìdánwò?" Bí mo bá ní rárá, gbogbo wọn á gbé bíìkì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sílẹ̀.

Mo ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí mi. Ìròyìn ti kàn nígbà náà pé wọ́n ń múra láti tún rán èèyàn lọ sí òṣùpá. Ó ní wọ́n ti pe òun sí iṣẹ́ kan lórí mímí àwọn tó máa gbé ibẹ̀. Wọ́n ń wá eruku òkúta tó mú, tó kúnná, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, láti oríṣiríṣi ilẹ̀, kí wọ́n fi wé ti òṣùpá. Ó ní bí mo bá lè máa sẹ́ ẹ, kí n pín in ní ìwọ̀n ìwọ̀n, kí n máa fi ránṣẹ́, àyè iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè wà fún mi lọ́dọ̀ wọn. "Lè wà" ló kọ. Èmi ka "wà".

Mo palẹ̀ iyàrá kékeré kan mọ́ lẹ́yìn ilé, níbi tí ìyàwó mi ń kó àgbàdo sí. Mo fi igi àti gíláàsì kan àpótí gíga kan. Bí mo bá da eruku sínú rẹ̀ lókè, èyí tó tóbi á kọ́kọ́ balẹ̀, èyí tó kéré jù á máa léfòó títí di ọ̀sán. Èyí tó kéré jù yẹn ni mò ń wá. Òun náà ló máa ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Mi ò ní láti ronú púpọ̀ kí n tó mọ ẹni tó máa bá mi wá eruku. Mo gun ọ̀kadà tí a ń pè ní zẹ́mìjàn lọ sí Sakété, mo bá àbúrò mi níbi iṣẹ́ rẹ̀, lábẹ́ páànù lẹ́bàá ọ̀nà. Ara rẹ̀ funfun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá funfun. Ó pa ẹ̀rọ nígbà tó rí mi, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Fòfó!" Bó ti máa ń pè mí nìyẹn, bí àwọn Gùn ti ń pe ẹ̀gbọ́n wọn. "Ta ló kú tí ẹ fi wá wá òkúta?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Eruku rẹ ni mo wá tọrọ."

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ dópin, ó wá yíjú sí àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Ohun tí à ń gbá dànù yìí, òṣùpá ló ń lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń gbé àpò kékeré kan wá fún mi ní Pobè, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà iyàrá náà, á máa wo bí mo ti ń sẹ́ ẹ.

Èmi wọ ìbomú tó dáa, èyí tí mo kó bọ̀ láti òkè òkun. Ẹyọ kan péré ni mo ní. Òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Àkókò yẹn ni mo mọ àbúrò mi jù. Kí n tó rìnrìn-àjò, ọmọdé ni. Nígbà tí mo dé, ó ti di bàbá ọmọ mẹ́ta, a kì í sì í rí ọ̀rọ̀ sọ ju ọ̀rọ̀ ìyá wa lọ. Ní báyìí ó ń bi mí ní ìbéèrè tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kò bi mí rí. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa fọ aṣọ. Ó fẹ́ mọ ẹni tó máa dá wọn lẹ́kun bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ní Máàsì. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bí ẹnì kan bá kú sí Máàsì ńkọ́? Ta ló máa gé òkúta ojú ibojì rẹ̀?"

"Wọn ò tíì ronú débẹ̀."

"Kí wọ́n ronú débẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe ohun tí mò ń kọ ìwé yìí nítorí rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, mo ṣàkíyèsí pé eruku tó ń mú wá máa ń dì pọ̀ ní kókó kókó. Mo bi í. Ó ní àwọn a máa da omi sórí òkúta bí àwọn bá ń gé e, kí ẹ̀rọ má baà gbóná, kí ojú má sì máa ta àwọn. Kì í ṣe ìgbà gbogbo, ó ní, bí omi bá wà nínú kẹ́ẹ̀gì ni.

Mo ní, "Omi yẹn ń ba nǹkan jẹ́. Èyí tó bá jẹ́ tèmi, má da omi sí i."

"Láìda omi rárá?"

"Rárá. Gbígbẹ ni mo fẹ́. Kó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, kó sì gbẹ."

"Ó dáa, Fòfó."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi gé òkúta ní gbígbẹ nítorí mi. Mo tún mọ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé kì í ṣe òkúta tèmi nìkan. Ó ní kò yẹ kí eruku òṣùpá dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, torí náà kò jẹ́ kí omi kan ibi tí òun dúró sí mọ́.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni òun náà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ sì mọ ikọ́ ọmọ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ó ní, "Ikọ́ àbúrò yín yìí, ẹ gbọ́ ọ?"

"Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ ti lọ láti oṣù tó kọjá."

Mo ní màá sọ fún un kó lọ sí dispẹ́nsárì. Mi ò sọ fún un lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onímọ̀, lórí ẹ̀rọ ayélujára, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, lórí ohun tí eruku òṣùpá lè ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró èèyàn. Mo múra fún un bí ẹni tó ń múra ìgbéyàwó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àbúrò mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tuntun, ó wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí àwọn òyìnbó kò ti ní rí i. Kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Ó kàn fẹ́ wà níbẹ̀ ni.

Mo sọ̀rọ̀ débi tí mo ti ń ṣàlàyé bí hóró eruku tó mú ti máa ń gún ara ẹ̀dọ̀fóró, tí ara á fẹ́ wo ojú egbò náà sàn, tí àpá á wà níbẹ̀, àpá lórí àpá, títí ibi tó yẹ kó máa gba afẹ́fẹ́ á fi le bí awọ. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tẹ orí ba, kò lè dá a dúró. Lójú ẹ̀rọ, ọkùnrin kan fi ọwọ́ kan etí bí ẹni tí nǹkan ń dí lọ́wọ́. Mo pa ohùn ẹ̀rọ. Mo yíjú sí àbúrò mi.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, bọ́ síta."

Ó dìde. Ó fi ìka ṣe bí ẹni tó ń sọ pé kí n má bínú. Ó jáde lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì ń gbọ́ ọ láti inú ilé bí mo ti ń parí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí mo jáde láti lọ sọ fún un, ẹ̀jẹ̀ wà nínú áńkáṣíìfì rẹ̀, ó sì ti ká a mọ́ ọwọ́ kí n má baà rí i.

"Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?" ló bi mí.

Ní dispẹ́nsárì, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà, ó lò ó láìfi ọjọ́ kan jẹ. Ìyá wa, tó wà nínú ìjọ aláṣọ funfun, gba ààwẹ̀ fún un, ó sì ní kó máa mu omi tí wọ́n gbàdúrà sí. Ó mu ún. Ó ń rù sí i. Nígbà tí oṣù keje wọlé, kò lè gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mú un lọ sí Porto-Novo láti ya àwòrán àyà.

Dókítà kékeré kan ló gbé àwòrán náà sójú iná. Kó tó la ẹnu, mo ti rí i. Àmì funfun tíntìntín ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́n gaàrí sórí aṣọ dúdú. Mo mọ àwòrán yẹn. Irú rẹ̀ wà nínú ohun tí mo fi han àwọn onímọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró eku ló wà nínú tèmi. Dókítà bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo dáhùn fún un. Dókítà mi orí, ó sì sọ ọ́ fún mi ní Faransé, wéréwéré, bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, eruku òkúta ni, ohun tó ti wọlé kò ní jáde mọ́, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fún un ní afẹ́fẹ́ bó bá yá. Ó ní ó ṣeni láàánú, nítorí omi lásán ti tó láti dín in kù.

Àbúrò mi ń wo ẹnu mi. "Kí ló wí?"

"Ó ní kó o sinmi."

"Ṣé mo lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Sinmi ná."

Mo sìn ín padà dé ilé rẹ̀ ní Sakété. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ kí i. Ó jókòó lórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, nítorí kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ. Àbúrò mi ní kí n sún mọ́ òun, nítorí kò ní ohùn púpọ̀.

"Fòfó, ṣé eruku yẹn náà ni?"

Mo lè purọ́. Mi ò rí irọ́ kankan tó máa jọ òótọ́ létí rẹ̀. "Òun ni," mo wí.

"Ṣé ti iṣẹ́ ni, àbí èyí tí mò ń gé fún yín?"

"Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má sọ fún Màmá," ló wí. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Èmi náà kò tọrọ ìdáríjì, nítorí mò ń bẹ̀rù pé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù láti sọ pé kò sí nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ pé "Ó dáa" nígbà tí mo ní kó má da omi.

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ tún padà dé. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ó ti jí, ó ní kí wọ́n gbé òun sẹ́nu ọ̀nà níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Wọ́n gbé e síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò kàn lè wọlé sára rẹ̀ ni.

Àwọn ará ìjọ ìyá wa wá láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun, wọ́n kọrin fún un. Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ tán, ìyá mi pè mí, ó bi mí pé irú ikọ́ wo ni.

"Eruku ni, Màmá."

"Eruku?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ta ni kì í jẹ eruku ní gbogbo ìlú yìí?"

Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti di ọdún mélòó kan báyìí, mi ò sì tíì sọ ọ́. Ìyá mi ń darúgbó ní Ahoyéyé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sanwó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àbúrò mi. Bó bá ti ń dúpẹ́, ńṣe ni mo máa ń wá nǹkan kan ṣe nínú ọgbà.

Ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n mi dé kó tó pé oṣù kan tí a sin àbúrò mi. Ó ní eruku tí mo fi ránṣẹ́ dára púpọ̀, pé nínú gbogbo èyí tí wọ́n gbà, òun ló jọ ti òṣùpá jù, nítorí bó ti mú tó. Wọ́n ti kọ àbájáde rẹ̀, orúkọ mi sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ àyè iṣẹ́ ọdún mẹ́ta yẹn kò sí mọ́. Wọ́n ti gé iṣẹ́ náà kúrú, òun fúnra rẹ̀ sì ń fẹ̀yìn tì. Mo kọ̀wé padà pé kí wọ́n fi orúkọ àbúrò mi sí i, torí òun ló gé òkúta náà. Ó béèrè pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló wà. Mo ní kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Mi ò sọ fún un pé ó ti kú. Nígbà tí ìwé náà jáde, mo wá orúkọ rẹ̀ títí, mi ò rí i.

Mo ti fọ́ àpótí gíláàsì yẹn. Ìyàwó mi ti dá àgbàdo rẹ̀ padà sínú iyàrá náà.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta. Mo ra ìbomú fún àwọn méjì tó kù àti fún ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò àbúrò mi. Mo dúró lábẹ́ páànù yẹn, mo ṣàlàyé fún wọn, mo ya ẹ̀dọ̀fóró sórí ilẹ̀ fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa da omi. Wọ́n tẹ́tí sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí mo jẹ́ olùkọ́, mo sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n òkú. Ọ̀gá wọn ní òun á gbẹ́ kànga. Nígbà tí mo tún padà lọ lẹ́yìn oṣù kan, ìbomú wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹnì kan, ti ẹnì kejì wà lórí ìṣó lára òpó, ẹni kẹta ní ooru ń mú òun nínú rẹ̀. Kò sí kànga. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo rí i pé wọ́n ti ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Nígbà tí wọ́n wá rán èèyàn lọ yípo òṣùpá nígbẹ̀yìngbẹ́yín, mo wà ní yàrá àwọn olùkọ́. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni èyí." Mo wò ó. Òṣùpá wà lójú fèrèsé ọkọ̀ wọn, ó tóbi, ó rí bí eérú, gbogbo kòtò rẹ̀ hàn. Ọkàn mi fò sókè. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ti fò sókè nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ló fò. Mo ti rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ti pa á nínú mi. Mo tilẹ̀ ti ń gbàdúrà pé kó pa á. Mo dá fóònù náà padà fún un, mo sì lọ dúró sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ títí agogo fi dún.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà tí mo délé. Mo ní inú mi dùn, pé mo kórìíra ara mi nítorí rẹ̀.

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Ẹ má lọ sọ fún ìyàwó àbúrò yín pé inú yín dùn," ló wí. Ó ṣa ẹ̀wà sí i. "Èmi náà, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Láti ìgbà náà, mi ò sọ̀rọ̀ òṣùpá nínú ilé wa mọ́. Ní kíláàsì, ohun tó wà nínú ìdánwò nìkan ni mò ń kọ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní iṣẹ́ kan ní Sakété, mo sì gba iwájú ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta kọjá. Ẹ̀rọ ń dún. Ẹni tó gba ipò àbúrò mi jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kí i. Ó gbìyànjú láti dìde fún mi.

"Ó ti tó ìgbà wo tó o ti ń wúkọ́ báyìí?" mo bi í.

"Ọyẹ́ ni, Mùsíè. Ó máa lọ."

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Mo kọ orúkọ dókítà Porto-Novo sórí bébà fún un, mo kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ fún dókítà náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó ká a sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ pè é láti inú ọgbà. Ó dìde, ó nu ẹnu, ó padà sídìí ẹ̀rọ.